Mo ń rìn jẹ́jẹ́ ní Èkó, síbẹ̀ n kò rí nǹkan kan

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí wá láti ọ̀dọ̀ arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Broad Street. Ó kọ̀wé pé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti ń sọ̀ ní Ọbáléndé tí mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní London wá kí wa, ó ní kí n mú òun rìn ká Èkó. Mo mú un rìn títí ó fi rẹ̀ wá, n kò rí nǹkan kan tọ́ka sí fún un ju báńkì àti ọjà lọ. Ojú tì mí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbìyànjú láti máa rìn jẹ́jẹ́, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá rọra rìn ló ń rí nǹkan. Àwọn èèyàn ń fi èjìká gbá mi, aláàárù ń bú mi, síbẹ̀ kò sí ohun tuntun tí mo rí. Ṣé ojú mi ni kò dáa ni, àbí kò sí nǹkan níbẹ̀?"

Àbúrò mi, ojú rẹ dáa. Nǹkan wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ pọ̀ ju ohun tí o lè wò tán lọ. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ọ ni kò pé. Wọ́n ní kí o máa rìn jẹ́jẹ́, wọn kò sọ fún ọ pé inú ìdúró ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹni tó bá ń rìn ní Èkó, bó ti wù kó rọra tó, iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, kò sì gbọdọ̀ má wò ó: ìdérí gọ́tà kan ti ṣí, omi dá rogún síwájú, ọmọláńkè ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí o bá ń wọ́ ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń sáré lórí rẹ̀, ìdíwọ́ lo dà, aláàárù tó gbé odidi báálì aṣọ sórí sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bú ọ. Máa rìn bí wọ́n ṣe ń rìn. Tí o bá dé ibi tí o fẹ́ wò, yà kúrò lọ́nà pátápátá, fẹ̀yìn ti ògiri tàbí òpó iná (èyí tí wáyà rẹ̀ kò já), kí o wá gbójú sókè. Ìdúró ìṣẹ́jú márùn-ún ju wákàtí kan ìrìn jẹ́jẹ́ lọ.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mo kọ́, mo sì ti kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rìn láti Tinúbú dé Campos kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́lé. Ohun tí mo ń sọ fún wọn náà ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Àwọn àgbà ní ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ríran. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ti onílé burú ju ti àlejò lọ. Ojú ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti kọ́ láti da ohun gbogbo tí kò kan ìrìn rẹ̀ nù. Kì í ṣe àbùkù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, o kò ní dé ọ́fíìsì láéláé. Nítorí náà, má ṣe dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí oòrùn tó mú. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà wà ní títì, wọ́n ti ká àwọn agboòrùn ńláńlá tí wọ́n ń pàtẹ lábẹ́ wọn, aṣọ àti báàgì tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri kò sí níbẹ̀. O lè rí ilé fúnra rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ tún ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, gbogbo ohun tó bá yọ síta lára ògiri, bó ti wù kó kéré tó, á ní òjìji.

Mo tún fẹ́ kí o rántí pé èèyàn kì í rí ilé tó dúró sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó wà ní òdìkejì títì nìkan ló ń rí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ìdajì àdúgbò wọn, pàápàá ẹni tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ń gbà lọ tó sì ń gbà bọ̀. Bí o bá gba ọwọ́ ọ̀tún lọ, sọdá kí o tó padà. Títì kan ṣoṣo, lílọ àti bíbọ̀, ti tó fún àárọ̀ kan. Àwọn tó fẹ́ rìn gbogbo Erékùṣù tán lẹ́ẹ̀kan náà, fọ́tò ni wọ́n ń kó relé.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ní Èkó, ìsàlẹ̀ ilé ni owó wà, òkè ni ọjọ́ orí wà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fọ́ ṣe ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni wọ́n ń lẹ táìsì mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi gíláàsì sí. Ta ló fẹ́ náwó sí àjà kejì tí oníbàárà kì í wò? Láti ibi tí pátákó ìpolówó parí sí lọ sókè ni kí o ti máa wá ohun àtijọ́.

Lọ dúró ní òdìkejì Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Súlútáànì ilẹ̀ Tọ́kì rán aṣojú wá síbi ìṣílé náà, wọ́n sì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ibẹ̀ ni orúkọ tí à ń pè títí dòní ti wá. Ọ̀gá bíríkìlà tó kọ́ ọ ni João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà (màá sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ láìpẹ́). Wo bí orí ògiri iwájú rẹ̀ ṣe parí. Kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti àwọn ilé ìgbàlódé tó yí i ká. Ó ń tẹ̀ lọ, ó ń tẹ̀ bọ̀, ó sì ní ọ̀ṣọ́ lára. Lẹ́yìn ìyẹn, rìn dé Bámgbóṣé tàbí Campos, kí o wo orí ilé Àgùdà èyíkéyìí tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ á rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n mú bọ̀ láti Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ́ ilé olówó àti ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, ni wọ́n fi kọ́ mọ́ṣáláṣí fún Mùsùlùmí Èkó. Bíríkìlà kì í bi ògiri léèrè ẹ̀sìn rẹ̀.

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, tí àwọn àti ọmọ wọn padà wá sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, là ń pè ní Àgùdà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́hùn-ún, bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí àdúgbò tí à ń pè ní Pópó Àgùdà.

Sún mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé wọn, kí o wo òkè fèrèsé, níbi tí wọ́n máa ń fi òdòdó sí. Òdòdó yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n rà lọ́jà wá lẹ̀ mọ́ ọn, bí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilé lóde òní tí gbogbo ẹ́sítéètì fi jọra. Ọwọ́ àti irin ìrẹ́lé ni wọ́n fi ṣe é nígbà tí ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ṣì tutù. Nítorí náà, ti ọ̀tún kì í bá ti òsì mu délẹ̀: ewé kan gùn díẹ̀, òmíràn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí méjì kò ti bára mu yẹn ni kí o tẹjú mọ́, nítorí ibẹ̀ lo ti lè rí ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Bí ọ̀dà bá ti bó níbẹ̀, ka ìpele rẹ̀. Òkè lè jẹ́ aláwọ̀ ewé, kí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ pupa rúsúrúsú, kí abẹ́ ìyẹn tún jẹ́ funfun. Ọdún iléyá kan, ìgbéyàwó kan, òkú àgbà kan: ìgbà tí ìdílé bá fẹ́ gba àlejò ni wọ́n sábà máa ń kun ilé. Bí ìpele bá sì ti ń pọ̀ ni etí òdòdó ń kú, títí ewé márùn-ún á fi di òbìrìkìtì kan tí kò ní ojú mọ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ya irú òdòdó bẹ́ẹ̀ bíi bọ́tìnnì, kò sì parọ́. Ohun tó rí ló yà.

Ní Kakawa, o máa rí Ilé Omi. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lọ sí Bahia nígbà tó wà lọ́mọdé, ló kọ́ ọ lẹ́yìn tó padà dé. Omi kànga tó wà nínú ilé náà ni wọ́n ń tà fún ará Èkó, tí orúkọ fi mọ́ ilé náà lára, nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tí ì dé. Ọdún 1910 ni ilé iṣẹ́ omi Ìjù tó bẹ̀rẹ̀. Tí o bá ti mọ èyí, á ṣòro fún ọ láti má máa wá omi kiri lára títì. Wàá rí ẹ̀rọ irin tó ti dípẹtà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn mọ́. Wàá rí ihò tí páìpù gbà jáde lára ògiri, páìpù oníke mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n gba orí gọ́tà kọjá, ibi tí ògiri ti rin tí ewéko kékeré kan sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nítòsí ibẹ̀ ni ẹnì kan á jókòó tó ń ta omi inú ọ̀rá.

Tètè wò wọ́n. Ní Tinubu Square, ilé Àgùdà kan wà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ilojo Bar. Casa do Fernandez ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ ayé. Bí o bá bi wọ́n lónìí bí orí fèrèsé rẹ̀ ṣe rí, wọ́n á máa wo ara wọn lójú.

Wàyí o, sọ ojú kalẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da ọ̀dà tuntun sórí títì láìkọ́kọ́ họ ti tẹ́lẹ̀ kúrò ni títì ń ga sí i. Ilé kì í bá a ga. Wá ilé tó jẹ́ pé ńṣe lo máa sọ̀kalẹ̀ kí o tó wọ inú rẹ̀: nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ńṣe ni wọ́n ń gun àtẹ̀gùn wọ̀ ọ́. Bí àtẹ̀gùn méjì bá ṣì yọ, tí ẹ̀kẹta ti wọ abẹ́ ọ̀dà, o ti mọ bí títì ṣe ga tó láti ayé ẹni tó kọ́lé. Onílé náà kò sì kawọ́ gbera. Wo ẹnu ọ̀nà, wàá rí ìdènà símẹ́ńtì kékeré tí wọ́n mọ síbẹ̀ kí àgbàrá má bàa wọlé, tí o ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Gíga rẹ̀ ló máa sọ fún ọ ibi tí omi òjò tó burú jù dé. Wọ́n mọ ọ́n dé ojú àmì omi náà, wọ́n sì fi díẹ̀ kún un. Nígbà mìíràn, o máa rí méjì tí wọ́n tò léra, símẹ́ńtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òjò àkọ́kọ́ rèé, èkejì rèé.

Igun ilé tó bá kọjú sí ọ̀nà tóóró náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọmọláńkè kì í yà dáadáa bí ẹrù rẹ̀ bá wúwo, orí irin táyà rẹ̀ a sì máa fi ara ha igun ògiri. Ojú ibì kan náà ni gbogbo wọn ń ha, tó fi di pé ihò gígùn kan á wà níbẹ̀, kò ga ju orúnkún lọ. Àwọn onílé tí inú ń bí ti ri irin mọ́ igun tiwọn, àwọn mìíràn gbé òkúta ńlá síbẹ̀. Bí o bá rí irin tàbí òkúta báyìí níbi tí ọmọláńkè kan kò gbà lónìí, o ti mọ̀ pé ọjà ti kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíràn. Ohun tí ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí gọ́tà náà, gbọ́ ọ. Àwọn aláàárù mọ ìdérí tí ń mì, wọ́n máa ń fo ó. Tẹ̀ lé ẹsẹ̀ wọn.

Apá tí mo fẹ́ràn jù lọ rèé, òun sì ni mo máa fi pẹ́ jù: bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí ohun tí kò ní ọdún lára. Kò gba ìwé ńlá. Bẹ̀rẹ̀ láti orí pátákó ṣọ́ọ̀bù, kí o wo nọ́ńbà fóònù. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni GSM, fóònù alágbèéká, bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, 0802 àti 0803 ló sì kọ́kọ́ dé. 0805 tẹ̀ lé e ní ọdún 2003. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 09, bíi 0903, pẹ́ kí wọ́n tó dé. Pátákó tó bá ní 0803 nìkan, tí ọ̀dà rẹ̀ sì ti ṣá, lè jẹ́ ti àkókò tí èèyàn ṣì ń fi fóònù yangàn nínú bọ́ọ̀sì. Bí o bá sì rí nọ́ńbà kúkurú, tí kò pé mọ́kànlá, tó jẹ́ ti tẹlifóònù onílẹ̀, dúró dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ṣọ́ọ̀bù yẹn ti wà ṣáájú GSM, tàbí kẹ̀ pátákó rẹ̀ ló kù tí onítọ̀hún ti lọ. Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè gbé nọ́ńbà àtijọ́ sórí pátákó tuntun. Ìdí nìyí tí o fi gbọ́dọ̀ wo ọ̀dà, ìṣó àti ìpẹtà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan kò tó.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, wo lẹ́tà. Ilé iṣẹ́ iná ti pààrọ̀ orúkọ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sẹ́ni tó ń lọ yí gbogbo òpó àti àpótí irin padà. Láti ọdún 1972 ni ó ti ń jẹ́ NEPA; ECN ló ń jẹ́ ṣáájú ìyẹn. Ní ọdún 2005 ó di PHCN, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 wọ́n pín in fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni, ọwọ́ àwọn kan nínú wọn ni iná Èkó wà báyìí. Bí o bá rí NEPA lára ilẹ̀kùn irin kan, ilẹ̀kùn yẹn ti lé ní ogún ọdún, bí ẹni tó ń ta gúgúrú tilẹ̀ ti fi ṣe ibi ìkọ́ báàgì rẹ̀. Bákan náà ni ti tẹlifóònù: ọdún 1985 ni NITEL bẹ̀rẹ̀. Ìdérí irin tí wọ́n bá kọ P&T sí (Posts and Telecommunications, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù) ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Àwọn ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ kò mọ ohun tí lẹ́tà náà dúró fún, àwọn òbí wọn àgbà ló máa ń tò síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ láti pe ìbátan wọn.

Mo ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró lójú kan, kó to gbogbo ohun tó rí láti orí èyí tó dàgbà jù dé orí èyí tó kéré jù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ògiri, ó parí sí orí káàdì POS. Ìwọ náà lè ṣe é nígbà tí o bá ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ara ògiri kan náà lo ti máa rí ìkọ̀wé tí ilẹ̀ mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí ẹ ṣọ́ra fún 419. Àlejò rẹ láti London á rẹ́rìn-ín, ó sì yẹ kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó kọjá lọ. Ìjà ẹbí ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ìbẹ̀rù oníjìbìtì tó máa ń mú oníbàárà wá wo ilé onílé. Ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ṣé lẹ́ẹ̀kan ni, àbí wọ́n ti tún un kọ lé ara rẹ̀? Ṣé nọ́ńbà fóònù kan wà níbẹ̀ tí ẹlòmíràn ti fi ọ̀dà dúdú pa? Ọwọ́ méjì nìyẹn, àwọn méjèèjì sì lè jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ẹni tó ń gbé inú ilé máa ń kọ ọ́ sí. Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ mọ́, ojú títì ló ń kọ ọ́ sí, kó tóbi gàdàgbà.

Fún ohun tí o lè fọwọ́ kàn, wọ Freedom Park ní Broad Street tìrẹ gan-an. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1882 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ògiri ẹrẹ̀ àti òrùlé koríko, ìyẹn kò sì tọ́jọ́. Ní ọdún 1885 wọ́n fi bíríkì tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún un kọ́. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ní ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bíríkì àtijọ́ tó kù, kí o wá gbé e lé búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì ilé tó wà nítòsí. Bíríkì kéré, ó dán, igun rẹ̀ ti jẹ. Búlọ́ọ̀kù tóbi, ó ń ha ni lọ́wọ́, iyanrìn rẹ̀ á sì bá ọ lọ. Àwọn ìsọ̀ oúnjẹ tó wà níbẹ̀, ojú ibi tí yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà ni wọ́n kọ́ wọn sí. Fi apá méjèèjì wọn fífẹ̀ ọ̀kan nígbà tí o bá ń dúró de ẹja rẹ.

Etí àti imú kò gbà mí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Dijú díẹ̀ níbi tí o dúró sí, kí o ka iye jẹnẹrétọ̀ tó ń ké; wo èéfín dúdú tí wọ́n ti fi sí ara ògiri lókè ibi tí wọ́n wà. Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ́ Rere lo wà ní agbègbè Campos, tẹ̀ lé òórùn ẹ̀wà àti omi àgbọn. Fẹ̀jọ́ọ̀nù ni wọ́n ń sè, oúnjẹ àwọn Àgùdà fún ọjọ́ náà. Bí o bá kí ìyá tó ń sè é dáadáa, o kò ní pa ebi lọ sílé.

Ìkíni yẹn ló ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ lọ, nítorí èèyàn kì í dúró wo ilé onílé ní Èkó kí wọ́n má bi í léèrè. Wọ́n lè rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ́, tó wá fi àmì pupa sí ilé wọn, tàbí pé ajagungbalẹ̀ ló rán ọ wá. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kí wọn, kí wọ́n tó bi ọ́. "Ẹ kú ìjókòó, bàbá" fún àwọn àgbà tó wà níwájú ilé, "ẹ kú ọjà" fún obìnrin tó pàtẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, sọ òtítọ́: "Òdòdó tó wà lókè fèrèsé yín ni mò ń wò, mà." Ìdáhùn tí mo sábà máa ń gbọ́ ni, "Òdòdó wo?" Wọ́n á sì jáde sí títì, wọ́n á gbójú sókè pẹ̀lú ọ, ẹnì kan á pe ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, ìtàn ẹni tó kọ́ ilé á bẹ̀rẹ̀. Gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n má ṣe gba gbogbo rẹ̀ sí òtítọ́. Gbogbo ilé ní Èkó ni ọba kan ti sùn sí rí.

Fọ́tò ńkọ́? Béèrè kí o tó yà á. Àwọn ọmọ àdúgbò lè ní kí o sanwó nítorí pé o gbé fóònù sókè. Má bá wọn jà, sọ ọ́ di àwàdà, kí o sì máa lọ. Níwájú báńkì àti ilé ìjọba, má yà á rárá, ọlọ́pàá kò ní bá ọ ṣàwàdà.

Ní tèmi, mo fẹ́ kí o mú ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù dání dípò fóònù. Mo mọ̀ pé o máa ní o kò mọ̀ ọ́n yà, àmọ́ àwòrán náà kọ́ là ń wá. Fóònù á gba gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ kò sì ní ṣe iṣẹ́ kankan. Pẹ́ńsùlù á máa bi ọ́ ní ìbéèrè: fèrèsé yìí, ṣé ó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ? Ilẹ̀kùn onípákó rẹ̀, ṣé inú ló ń ṣí sí àbí ìta? Bí àbúrò ọkọ rẹ bá tún dé, fún òun náà ní pẹ́ńsùlù. Ẹ má kọjá títì kan. Kí ẹ̀yin méjèèjì ya fèrèsé kan náà láìwo ìwé ara yín, kí ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níbi tí àwòrán méjèèjì kò bá ti bára mu, ẹ padà lọ dúró ní òdìkejì títì, kí ẹ kọjú sí fèrèsé náà, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó máa jiyàn.